Ọ̀nà Yanrìn Gberefu: Àwọn Tó Gba Ibẹ̀ Lọ àti Àwọn Tó Gba Ibẹ̀ Bọ̀

Ìkòsì la ti ń bá yín sọ̀rọ̀, níbi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ti àwọn tó ń já ata ní Mile 12 kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa fi ń wá ibi tó dákẹ́ kiri lópin ọ̀sẹ̀. Wọ́n á wọ kánńbáàsì, wọ́n á gbé báàgì sẹ́yìn, wọ́n á ní àwọn ń lọ rìn nínú igbó tàbí létí òkun. Hiking ni wọ́n ń pè é. Àwọn àgbà máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín: ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn nígbà tí kò sówó ọkọ̀ náà lẹ wá ń sanwó láti fi rìn yìí?

Ọ̀nà tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí, ìpínlẹ̀ Èkó níbí náà ló wà. Ó wà ní Gberefu, erékùṣù tẹ́ẹ́rẹ́ oníyanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun ní Àgbádárìgì, ìyẹn Badagry. Ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú omi létí ọ̀sà, ẹ ó sọdá, ẹ ó bọ́ sílẹ̀, ẹ ó sì máa fẹsẹ̀ rin yanrìn lọ láàárín igi àgbọn àti koríko. Ẹ ó gbọ́ ariwo òkun kí ẹ tó rí i. Ìrìn náà kò pé wákàtí kan, ṣùgbọ́n yanrìn máa ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, oòrùn ibẹ̀ kò sì lójú àánú. Níparí rẹ̀, létí òkun, wọ́n mọ àmì ńlá kan síbẹ̀ tí gbogbo ènìyàn máa ń yà fọ́tò níwájú rẹ̀. Point of No Return ni wọ́n ń pe ibẹ̀: ibi tí ẹni tó bá dé kì í padà.

Orúkọ yẹn ni mo fẹ́ bá fà á díẹ̀ lónìí. Mi ò sọ pé irọ́ ni. Àìmọye ènìyàn ló gba orí yanrìn yẹn kọjá tí a ò gbúròó wọn mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan padà, orí yanrìn yìí kan náà ni wọ́n sì gbà wọlé, a mọ orúkọ díẹ̀ nínú wọn, a mọ ọdún tí wọ́n dé. Ó ń dùn mí pé ènìyàn lè ti Kétu lọ síbẹ̀, kó ya fọ́tò 60, kó padà sílé láìgbọ́ nípa ẹyọ kan nínú wọn.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká yà sí Kánádà díẹ̀. Ní erékùṣù Vancouver, létí òkun Pàsífíìkì, ọ̀nà kan wà tí àwọn tó fẹ́ràn ìrìn igbó káàkiri ayé mọ̀ dáadáa, West Coast Trail. Kìlómítà 75 ni. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, àwọn Nuu-chah-nulth, ló kọ́kọ́ ń gba ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní oṣù kìíní ọdún 1906, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Valencia forí sọ àpáta níbẹ̀, ènìyàn tó ju 100 lọ sì kú, ilẹ̀ ń bẹ nítòsí tí wọ́n ń wò ó. Ìyẹn ló mú kí ìjọba tún ọ̀nà náà là, kí ẹni tí òkun bá jù sórí ilẹ̀ lè rí ibi gbà dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Ọ̀nà ìgbàlà ni wọ́n kà á sí. Lónìí àwọn arìnrìn-àjò ń sanwó láti rìn ín, wọ́n ń pè é ní igbó tí ọwọ́ ènìyàn kò tíì bà jẹ́.

Èyí ni mo fi ń bi ara mi léèrè nígbàkígbà tí mo bá rí ọ̀nà tó dá wà létí òkun: ta ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́? Ọ̀nà kì í ṣàdédé wà. Ti Kánádà, wọ́n là á kí òkun má baà pa ènìyàn. Ti Gberefu, ẹsẹ̀ àwọn tí wọ́n ń fà lọ sínú òkun wà nínú ohun tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó bá ní máàpù lórí fóònù, kó ṣí i. Ẹ wo etí òkun Èkó, ẹ ó rí ìlà yanrìn kan tó lọ gbọọrọ láti ẹnu omi Èkó sí apá ìwọ̀-oòrùn, ó kọjá Àgbádárìgì, ó kọjá bodè Sẹ̀mẹ̀, ó wọ ilẹ̀ Bìnì Republic títí dé Kùtọnu. Lẹ́yìn yanrìn yẹn ni ọ̀sà wà, omi tó dákẹ́, tó ń bá yanrìn náà rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Odò Ògùn tó ń kọjá lẹ́yìn ilé wa níhìn-ín, tó ń wọlé àwọn ará Ìkòsì àti Kétu bí òjò bá pọ̀, inú omi ọ̀sà yìí kan náà ló ń dà sí ní apá Àgbòyí. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ ọlọ́pọ́n àti sùúrù lè gbéra ní Àgbòyí, kó dé Àgbádárìgì, kó sì dé Àjàṣẹ́ tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, láìfojú kan òkun rárá.

Ọ̀sà ni títì márosẹ̀ àwọn baba ńlá wa. Ẹ wo àwọn ìlú àtijọ́ agbègbè yìí: Ẹ̀pẹ́, Ejinrin, Ìkòròdú, Ìsàlẹ̀ Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́. Gbogbo wọn ló kọjú sí ọ̀sà. Kò sí ọ̀kan tó kọjú sí òkun. Ọjà wà lórí ọ̀sà, ẹja wà nínú ọ̀sà, ogun náà a máa gba orí ọ̀sà lọ. Ilé létí òkun tí a wá ń fi owó gọbọi rà lónìí, bóyá ẹ bá fi lọ àwọn èèyàn ayé ìgbà yẹn lọ́fẹ̀ẹ́, wọn ò ní gbà á.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ìgbì òkun wa kì í ṣeré. Láti Àgbádárìgì lọ sí ọ̀tún, lọ sí òsì, kò sí àpáta tó dá omi dúró, kò sí kọ̀rọ̀ tí ọkọ̀ ńlá lè sá sí. Ọkọ̀ àwọn òyìnbó kò lè sún mọ́ ilẹ̀. Ọ̀ọ́kán ni wọ́n ti ń ju ìdákọ̀ró, wọn á máa fi ọkọ̀ kékeré kó ẹrù la ìgbì kọjá. Iṣẹ́ yẹn le débi pé ní Ouidah àti agbègbè rẹ̀, láti Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, ni wọ́n ti ń gba púpọ̀ nínú àwọn awakọ̀ tó mọ bí a ṣe ń gun ìgbì. Àwọn ọmọ ọ̀sà mọ omi wọn, wọ́n sì fi òkun sílẹ̀ fún Olókun.

Nítorí náà, ẹni tó bá máa wọ ọkọ̀ òyìnbó ní Àgbádárìgì, ó di dandan kó la ọ̀sà kọjá, kó fẹsẹ̀ rin yanrìn, kó tó dé etí òkun. Ẹni tó bá sì ti inú ọkọ̀ ńlá bọ́ sílẹ̀, yanrìn yẹn náà ló máa kọ́kọ́ tẹ̀ kó tó rí ọ̀sà, kó tó rí ìlú. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Báwo ni Àgbádárìgì ṣe wọnú òwò ẹrú? Ní 1724, ọba Dàhómì ṣẹ́gun Allada, ní 1727 ó ṣẹ́gun àwọn Hueda tó ni èbúté Ouidah, ní 1732 ó tún pa ìlú Jakin run. Àwọn tí ogun yìí lé, ìlà-oòrùn ni wọ́n sá wá, sí àárín àwọn Ògù tí a ń pè ní Ẹ̀gùn. Àwọn oníṣòwò náà tẹ̀lé wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọ ilẹ̀ Holland kan, Hendrik Hertogh, tó ti ń ṣòwò ní Jakin kí Jakin tó bàjẹ́. Huntokonu ni àwọn ará Àgbádárìgì ń pè é. Wọ́n pa á ní 1738, ṣùgbọ́n òwò tó bá wọn dá sílẹ̀ kò bá a kú. Ẹrú ń ti apá Ọ̀yọ́ wá, ó ń gba ilẹ̀ àwọn Ẹ̀gbádò kọjá, ó ń dé etí ọ̀sà. Nígbà tí Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ wá fọ́, tí ogun gba ilẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1820, àwọn tí wọ́n ń kó wá sí Èkó àti Àgbádárìgì ti di àwọn ènìyàn tiwa gan-an: ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Òwu.

Àárín ọ̀nà Gberefu ni kànga kan wà. Àwọn amọ̀nà máa ń dúró síbẹ̀, wọ́n á ní omi rẹ̀ ni wọ́n ń fún àwọn ẹrú mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé, gbàgbé orúkọ, kí wọ́n má lè bá ẹnikẹ́ni jà mọ́. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni. Irú rẹ̀ wà ní Ouidah náà: wọ́n ní igi kan wà níbẹ̀ tí ọkùnrin máa ń yí po lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, tí obìnrin ń yí po lẹ́ẹ̀meje, kí wọ́n lè gbàgbé. Àwọn òpìtàn kan kò gba ti igi yẹn gbọ́. Èmi ò ní bá amọ̀nà kankan jà létí kànga rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀: bí omi yẹn bá ní oògùn nínú, oògùn náà kò jẹ́.

Ẹ wo Kétu, ibi tí púpọ̀ nínú yín ti ń wọkọ̀ láràárọ̀. Orúkọ yẹn ni orúkọ ìlú Yorùbá àtijọ́ tó wà ní Bìnì Republic lónìí. Tí ẹ bá dé Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, lórílẹ̀-èdè Bràsíìlì, ẹ ó tún bá a níbẹ̀: àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé tó ń bọ òrìṣà lọ́nà ti Yorùbá, Ketu ni wọ́n ń pe ẹ̀ka tiwọn. Wọ́n ń kí Ṣàngó, wọ́n ń kí Ọ̀ṣun, wọ́n ń fi èdè wa kọrin títí di òní. Ọ̀kan nínú àwọn ilé òrìṣà náà, Casa Branca, ni ìjọba Bràsíìlì kà mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1984. Ẹni tó mu omi ìgbàgbé kì í kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀.

Orúkọ tó ní ẹnikẹ́ni kì í padà yẹn náà, kì í ṣe ti ayé àwọn ẹrú. Ọ̀rọ̀ ìrántí ni, ti ìgbà tiwa. Ní Ouidah, ìgbà tí wọ́n ṣètò ìrántí ńlá ní àwọn ọdún 1990 ni wọ́n to ère sí ọ̀nà bíi kìlómítà 4 tó ti ìlú lọ sí òkun. Ọdún 1995 ni wọ́n parí ẹnubodè ńlá tó wà létí omi níbẹ̀. Gorée ní Sẹ̀nẹ̀gà ní tirẹ̀, Elmina ní Gánà ní tirẹ̀. Ó dára kí ibi ìṣọ̀fọ̀ wà. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà àti Bràsíìlì tó ń wá síbẹ̀ láti sunkún, ibo ni wọn ì bá ti sun ún? Àmọ́ orúkọ tó bá dá ìtàn dúró lágbede méjì, ó yẹ kí a máa bi í pé: lẹ́yìn náà ńkọ́?

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òyìnbó kan, torí ìrìn tirẹ̀ fi bí ibẹ̀ ṣe rí hàn wá. Richard Lander ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún 21 ni nígbà tó bá ọ̀gá rẹ̀, Kápútéènì Clapperton, gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì níparí ọdún 1825. Ọmọ ọ̀dọ̀ ló jẹ́. Adélé, ọba Èkó tí wọ́n lé kúrò lórí ìtẹ́, wà ní Àgbádárìgì nígbà náà, òun ló sì gbà wọ́n lálejò. Kí oṣù kejìlá yẹn tó parí, méjì nínú àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ wọn ti kú lójú ọ̀nà. Clapperton fúnra rẹ̀ kú ní Sókótó ní oṣù kẹrin ọdún 1827. Bẹ́ẹ̀ ni Lander ṣe ku òyìnbó kan ṣoṣo, tó sì ń bọ̀ wá sí etí òkun láti Sókótó. Ẹ rò ó wò. Kò sí GPS, kò sí ẹni tó lè pè.

Ó dé Àgbádárìgì ní oṣù kọkànlá ọdún 1827. Àwọn Potogí tó ń ra ẹrú níbẹ̀ kò fẹ́ kí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ti rí ọ̀nà inú ilẹ̀ délé lọ ròyìn. Wọ́n sọ fún àwọn ìjòyè pé amí ni. Wọ́n bá gbé omi èèpo igi olóró fún un mu, májèlé tí wọ́n fi ń mọ ẹlẹ́bi. Ó mu ún níṣojú gbogbo ènìyàn, ó jáde, ó sáré lọ sí ilé tó wọ̀ sí, ó lo oògùn, ó mu omi gbígbóná, ó sì bì í jáde. Kò kú. Wọ́n ní bí kò ṣe kú yẹn, aláìlẹ́bi ni. Ó wọkọ̀ lọ sílé, ó kọ ìwé. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ní oṣù kẹta ọdún 1830, ọkùnrin yìí tún padà wá sí Àgbádárìgì kan náà pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ John, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti lọ tọ Odò Ọya dé ibi tó ti wọ òkun. Bóyá àyà ni, bóyá orí kunkun ni, ẹ̀yin lẹ máa sọ.

Lander kì í ṣe ẹrú o. Òyìnbó tó bá fẹ́ máa lọ, á lọ. Àwọn tí mo ń wá gan-an ni àwọn tí wọ́n ti tà, tí wọ́n sì tún fẹsẹ̀ ara wọn tẹ yanrìn yẹn padà wá sílé.

Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú fún àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ ní 1807, àwọn ọkọ̀ ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, wọ́n sì ń kó àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ sí Freetown ní Sàró. Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ bí ọdún ṣe ń lọ. Wọ́n kọ́ iṣẹ́, wọ́n ń tajà, wọ́n ń fowó pamọ́. Àwọn ọkọ̀ ẹrú tí ilé ẹjọ́ bá gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, gbàǹjo ni wọ́n ń tà wọ́n ní Freetown. Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn Sàró ṣe: wọ́n dá owó jọ, wọ́n ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1839, ọ̀kan ṣíkọ̀ láti Freetown, ó ń kó àwọn ènìyàn tí wọ́n ti fìgbà kan tà bọ̀ wá sílé. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti fi kó ẹrú lọ ló wá di ọkọ̀ ìpadàbọ̀. Àgbádárìgì ni wọ́n gúnlẹ̀ sí. Èkó ló tóbi jù, ṣùgbọ́n wọ́n ja àwọn kan tó gúnlẹ̀ sí Èkó lólè, nítorí náà Àgbádárìgì ni ọ̀pọ̀ wá ń gbà. Wọ́n á la ìgbì kọjá, wọ́n á tẹ yanrìn, wọ́n á la ọ̀sà, lẹ́yìn náà wọ́n á fẹsẹ̀ rìn lọ sí Abẹ́òkúta, ìlú tí kò tíì pé ọdún 10 tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀ ẹ́ dó.

Ní 1841, James Ferguson, Sàró kan tó ti fìdí kalẹ̀ sí Àgbádárìgì, kọ̀wé sí Freetown pé kí wọ́n fi oníwàásù ránṣẹ́. Ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé, òun tí bàbá rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó. Henry Townsend ti CMS dé ní oṣù kejìlá ọdún náà. Kérésìmesì ọdún yẹn bá àwọn méjèèjì lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú náà. Àwọn ìwé ilé-ìwé máa ń sọ èyí bíi pé àwọn míṣọ́nnárì ló kàn rántí wa. Sàró ló pè wọ́n. Àwọn tó ti padà ló pe àwọn àlejò wá.

Èyí tó wá kàn báyìí ni mo fẹ́ràn jù. Ní 1821, ogun kó ọmọkùnrin kan ní Òṣogùn pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀, kò ju ọmọ bíi ọdún 13 lọ. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Nígbà tó dàgbà tó kọ ìtàn ara rẹ̀, ó ní nínú gbogbo ohun tó rí, omi ló dẹ́rù bà á jù; ọmọ inú oko ni, kò tíì rí irú omi bẹ́ẹ̀ rí. Ní 1822 wọ́n kó o sínú ọkọ̀ Potogí kan, Esperança Feliz, pẹ̀lú àwọn ẹrú mìíràn, 187 ni gbogbo wọn. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì Myrmidon mú wọn lójú òkun. Freetown ni Àjàyí balẹ̀ sí. Ó kàwé, wọ́n ṣèrìbọmi fún un ní Samuel Crowther, ó di olùkọ́, ó di àlùfáà ní London ní 1843.

Ní oṣù kìíní ọdún 1845, ó dé Àgbádárìgì láti inú òkun. Ìyàwó rẹ̀ Susan wà pẹ̀lú rẹ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú lòun náà. Àwọn ọmọ wọn wà níbẹ̀, Townsend àti Gollmer náà wà níbẹ̀. Ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n ti kó kúrò ní ilẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí ẹrú, wọ́n tún ń bọ́ sílẹ̀ lórí yanrìn náà, bàtà wà lẹ́sẹ̀ wọn, ìwé wà lọ́wọ́ wọn. Kò yá wọn láti dé inú ilẹ̀ o. Ṣódẹkẹ́, olórí Abẹ́òkúta tó ń retí wọn, ti kú, ogun sì dí ọ̀nà. Oṣù bíi 18 ni wọ́n fi dúró sí Àgbádárìgì. Ìgbà yẹn ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì CMS tí ẹ máa ń rí nínú fọ́tò dìde, ní 1845. Oṣù keje ọdún 1846 ni wọ́n tó gbéra lọ sí Abẹ́òkúta.

Ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, Àfàlá, ìyá Àjàyí, wọlé tọ ọmọ rẹ̀ wá ní Abẹ́òkúta. Ọdún 25 ni wọn ò ti fojú kan ara wọn. Ó ti rò pé ọmọ òun ti kú.

Àwọn tó ti Bràsíìlì bọ̀ náà wà, àwọn tí a ń pè ní Àgùdà. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí, tí Yorùbá pọ̀ jù nínú wọn, dìtẹ̀ mọ́ ìjọba ní Salvador. Wọ́n pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀rù sì ba ìjọba débi pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn adúláwọ̀ tó ti gbòmìnira padà sí Áfíríkà. Obìnrin kan tí ìtàn dárúkọ pé ó wà lára àwọn tó dá Casa Branca sílẹ̀, Ìyá Nàsó, wà lára àwọn tó kúrò ní Bahia lẹ́yìn ìdìtẹ̀ náà, ní 1837. Ìyá ilé òrìṣà tí wọ́n ṣì ń júbà rẹ̀ ní Bràsíìlì lónìí, apá ọ̀dọ̀ wa ló wá lo ìyókù ayé rẹ̀ sí.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo ẹni tó padà ló padà gẹ́gẹ́ bí áńgẹ́lì. Tí ẹ bá dé Àgbádárìgì, wọn á mú yín lọ sí ọgbà Séríkì Williams Abass, wọ́n á fi àwọn yàrá kótópó tí wọ́n ń há ẹrú mọ́ hàn yín. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìdílé rẹ̀, wọ́n jí i gbé lọ́mọdé, wọ́n tà á sí Bràsíìlì, ó mọ èdè, ó mọ ìṣirò, ó sì padà wá sí etí òkun yìí láti máa ta ènìyàn bíi tirẹ̀. Ó di olówó, ó di olórí, ó kú ní 1919. Ẹni tó ti mọ bí yanrìn yẹn ṣe gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹrú ló tún ń ti ẹlòmíràn síbẹ̀. Ìtàn yìí máa ń nira fún mi láti sọ, mi ò sì gbà pé ó yẹ ká fò ó.

Báwo wá ni ibi tí èrò pọ̀ báyìí ṣe di aginjù tí a ń lọ rìn lópin ọ̀sẹ̀? Èkó ló gba ọjà náà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lu Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́, wọ́n dá Akítóyè padà sórí ìtẹ́. Àgbádárìgì ni Akítóyè ti ń dúró dè wọ́n. Láti ìgbà náà ni àwọn míṣọ́nnárì, àwọn Sàró àti àwọn oníṣòwò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí Èkó. Wọ́n gba Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì ní 1861, Àgbádárìgì ní 1863. Ní nǹkan bí 1908, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta wọnú òkun lẹ́nu omi Èkó kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé tààrà. Ìyẹn náà ló dá yanrìn tó ń bá omi lọ sí ìlà-oòrùn dúró; ó kóra jọ sí apá kan, òkun sì ń jẹ Bar Beach ní apá kejì títí wọ́n fi lọ mọ odi Eko Atlantic síbẹ̀. Ní Gberefu ní tirẹ̀, ọkọ̀ kò wá mọ́. Àgbọn hù, koríko bo ojú ọ̀nà, àwọn apẹja díẹ̀ ń gbé ibẹ̀. Ìparọ́rọ́ tí ẹ ń gbọ́ níbẹ̀, ìparọ́rọ́ ọjà tó tú ni.

Ìjọba sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé àwọn á kọ́ èbúté ọkọ̀ ńlá sí Àgbádárìgì. Bí wọ́n bá kọ́ ọ lóòótọ́, ó ṣeé ṣe kí kọ̀ǹténà gba ibi tí àgbọn wà. Ẹni tó bá fẹ́ rìn ín, kó má fi falẹ̀.

Láti ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ẹ wọ ọkọ̀ Oshodi ní Kétu, ẹ wọ Mile 2 láti ibẹ̀, ẹ wá wọ ọkọ̀ Badagry. Ẹ kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí ọ̀nà yẹn kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹ gbé omi dání, ẹ dé fìlà. Ẹ béèrè jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ọ̀sà, ẹ má sì wọ inú òkun ní òdìkejì, ìgbì tó ń dẹ́rù ba àwọn baba wa kò tíì rọ̀. Ẹ ya fọ́tò yín níwájú àmì náà, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má yà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yíjú padà láti máa bọ̀, tí òkun wà lẹ́yìn yín, tí ọ̀sà wà níwájú, ẹ sọ fún amọ̀nà yín pé kó sọ ti Sàró àti ti Àjàyí fún yín. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wà nínú wọn. Àwa tí a ń lọ ni a kì í béèrè.